Ìmọ́lẹ̀ tó ń Darí Sẹ́ẹ̀lì Ọpọlọ

Àwọn tó ni ètò yìí bẹ̀ mí pé kí n mú ohun kan wá láti inú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì òde òní, kí n sì fi èdè Yorùbá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo mú wá yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Ó dá lórí bí àwọn onímọ̀ ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ jí sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ sí iṣẹ́, tí wọ́n tún ń fi ìmọ́lẹ̀ pa á lẹ́nu mọ́. Optogenetics ni wọ́n ń pè é.

Ìbéèrè kan ló bí iṣẹ́ náà. Nínú ọpọlọ ènìyàn, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jíṣẹ́ fún ara wọn tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 86. Suzana Herculano-Houzel, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Brazil, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé iye yìí jáde ní ọdún 2009. Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, ogunlọ́gọ̀ nínú wọn ni yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Èwo ló dá ẹ̀rù náà sílẹ̀? Èwo ló kàn bá wọn dìde? Èwo ló ń sapá láti pẹ̀tù sí i? Ẹ̀rọ ayàwòrán ọpọlọ lè fi ibi tí iṣẹ́ ti ń lọ hàn wá, ṣùgbọ́n pé sẹ́ẹ̀lì kan wà níbi ọ̀ràn kì í ṣe ẹ̀rí pé òun ló dá ọ̀ràn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ gbọ́dọ̀ lè mú sẹ́ẹ̀lì yẹn nìkan ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rù kò sí, kó wò ó bóyá ẹ̀rù yóò dé. Ó sì gbọ́dọ̀ lè dá a dúró nígbà tí ẹ̀rù wà, kó wò ó bóyá ẹ̀rù yóò lọ. Fún ohun tó lé ní igba ọdún, ọwọ́ kò tó èyí.

Kì í ṣe pé wọn kò gbìyànjú. Ní Bologna, nílẹ̀ Ítálì, láàárín àwọn ọdún 1780, Luigi Galvani fi iná mànàmáná mú kí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ tó ti kú ta pọ́ún. Ní 1870, Gustav Fritsch àti Eduard Hitzig fi iná kékeré kan ọpọlọ ajá ní Berlin, ẹsẹ̀ ajá náà sì mira. Títí di òní, àwọn dókítà ń ki wáyà sínú ọpọlọ ẹni tí àrùn Parkinson ń mú gbọ̀n, iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá sì ń dín gbígbọ̀n náà kù fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mi ò ní bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ tó ń mú ara tu ènìyàn. Àbùkù iná ni pé kò mọ ẹnì kan yàtọ̀ sí ẹnì kejì. Bí ẹ bá dúró láàárín ọjà Dùgbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tí ẹ lọgun pé "Ẹ gbọ́ o!", aláta yóò yíjú, alápatà yóò yíjú, alágbàrù tó ń kọjá lọ pàápàá yóò dúró. Bẹ́ẹ̀ ni iná ṣe ń rí nínú ọpọlọ. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí wáyà ló ń gbọ́, àtèyí tó ń ru nǹkan sókè, àtèyí tó ń mú un rọlẹ̀. Oògùn ní tirẹ̀ lọ́ra jù: sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ń jíṣẹ́ láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, oògùn sì ń gba ìṣẹ́jú tàbí wákàtí kó tó débẹ̀.

Francis Crick, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣàwárí bí DNA ṣe rí, yíjú sí ọpọlọ nígbà tó yá. Ní 1979 ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Scientific American pé ohun kan tí ìmọ̀ ọpọlọ nílò ni ọ̀nà tí a lè fi pa irú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lẹ́nu mọ́ láìfọwọ́ kan àwọn yòókù. Ní 1999 ó sọ pé ìmọ́lẹ̀ ni ì bá dára jù fún irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí ohun tí ọwọ́ lè tó lójú òun fúnra rẹ̀. Ohun tó ń wá ti wà nínú omi adágún ní gbogbo ìgbà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká lọ sétí omi náà. Gbogbo wa la ti rí omi tó dúró pẹ́ lójú kan tí àwọ̀ ewé bò ó lójú. Lára àwọn ohun ẹlẹ́mìí tó ń gbé nínú irú omi bẹ́ẹ̀, àti nínú ilẹ̀ tútù, ni Chlamydomonas. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara rẹ̀. Bí a bá tò wọ́n ti ara wọn, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún nínú wọn ni yóò gùn tó mílímítà kan. Ìrù tín-ín-rín méjì ló ní níwájú, òun ló fi ń lúwẹ̀ẹ́. Àmì kékeré kan tó ní àwọ̀ ọsàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Bó ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ló ń yí bírí, àmì náà sì ń bá a yí, tó fi jẹ́ pé kò sí ìhà tí kò dojú kọ. Ìmọ́lẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá mọ níwọ̀n, yóò tọ̀ ọ́ lọ. Bó bá pọ̀ jù, yóò sá fún un. Kò ní ọpọlọ, kò ní iṣan, síbẹ̀ ó mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀. Ní 1866, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Andrey Famintsyn ti ṣàkíyèsí ìrìn àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n fi ń rí ìmọ́lẹ̀.

Ibòmíràn ni ìdáhùn ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1971, Dieter Oesterhelt àti Walther Stoeckenius rí i ní San Francisco pé ẹ̀dá tín-tìn-tín kan tó ń gbé nínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ kọjá sísọ, Halobacterium, ní pùròtéènì aláwọ̀ elésè-àlùkò kan lára, àti pé retinal wà nínú pùròtéènì náà. Retinal ni ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú ẹyinjú àwa ènìyàn. Fítámì A ni ara fi ń ṣe é, fítámì A ọ̀hún sì ni ara wa ń yọ jáde nínú carotene, èyí tó mú epo pupa pọ́n. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tí fítámì A kò tó lára rẹ̀ kì í fi í ríran dáadáa nírọ̀lẹ́. Ta ni ì bá rò pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yóò wà lára ohun tí kò lójú?

Peter Hegemann, tó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé lábẹ́ Oesterhelt nítòsí Munich, ló dojú kọ ọ̀rọ̀ Chlamydomonas. Ní 1991 òun àti Hartmann Harz fi hàn pé bí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà lé àmì ara rẹ̀, iná ń ṣàn wọ inú sẹ́ẹ̀lì náà. Ó yá tó bẹ́ẹ̀ tó fi jọ pé ohun tó gba ìmọ́lẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà tí iná gbà wọlé kò lè jìnnà síra. Hegemann, Georg Nagel àti Ernst Bamberg wá mú jíìnì pùròtéènì náà, wọ́n fi í sínú ẹyin ọ̀pọ̀lọ́, ẹyin tí kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ sí i, iná sì ṣàn. Ohun kan náà ni méjèèjì! Ní 2002 wọ́n gbé àkọ́kọ́ jáde, wọ́n pè é ní channelrhodopsin-1. Ní 2003, ìkejì, èyí tí gbogbo ayé wá ń lò.

Mo fẹ́ kí a dúró síbí díẹ̀, nítorí ibí gan-an ni agbára iṣẹ́ yìí wà. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ bá ń sinmi, ìyàtọ̀ iná tó tó mílífóòtì 70 wà láàárín inú rẹ̀ àti ìta rẹ̀, inú ló sì wà ní òdì. Ìta kún fún sódíọ̀mù, ohun kan náà tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀ wa. Bí sódíọ̀mù bá rí ọ̀nà wọlé tó, ìyàtọ̀ yẹn yóò dín kù títí yóò fi dé ojú ìwọ̀n kan, sẹ́ẹ̀lì náà yóò sì ta iná, yóò jíṣẹ́ fún èyí tó tẹ̀lé e. Channelrhodopsin jẹ́ ẹnu ọ̀nà tó wà nínú awọ sẹ́ẹ̀lì, retinal sì wà láàárín rẹ̀, ó nà gbọọrọ. Bí ìmọ́lẹ̀ búlúù bá bà á, retinal yóò tẹ̀, títẹ̀ tó tẹ̀ yóò ṣí ẹnu ọ̀nà, sódíọ̀mù yóò wọlé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá lọ, ẹnu ọ̀nà yóò padé. Irú kejì tún wà, halorhodopsin, tí wọ́n rí lára àwọn ẹ̀dá inú omi oníyọ̀ yẹn náà. Ìmọ́lẹ̀ tó pọ́n rúsúrúsú ló ń mú un ṣiṣẹ́, kílóráìdì ló ń fà wọlé, sẹ́ẹ̀lì náà yóò sì dákẹ́. Àwọ̀ kan fún jíjí, àwọ̀ kan fún dídákẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yan sẹ́ẹ̀lì? Wọ́n ń gbé jíìnì náà sínú kòkòrò fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti yọ oró rẹ̀, wọ́n á sì fún un sínú ọpọlọ. Wọ́n ti so apá kan mọ́ orí jíìnì náà tí irú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo mọ bí a ṣe ń kà. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó wà ládùúgbò lè gba jíìnì, ẹni tí a dárúkọ nìkan ni yóò lò ó. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ki okùn gíláàsì tín-ín-rín kan wọlé, tí ìmọ́lẹ̀ yóò máa gbà kọjá. Ohun kan tó dùn mọ́ mi púpọ̀ nínú ìtàn yìí ni pé ọpọlọ àwọn ẹranko afọ́mọlọ́mú ti ní retinal tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó tó iṣẹ́ náà ṣe. Kò sẹ́ni tó ní láti bù kún un.

Ta ló kọ́kọ́ ṣe é? Ọ̀rọ̀ yìí gba kí a ṣọ́ ẹnu wa. Gero Miesenböck àti Boris Zemelman ló kọ́kọ́ fi hàn, ní 2002, pé a lè fi jíìnì láti ara eṣinṣin sọ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ di ohun tó ń gbọ́ràn sí ìmọ́lẹ̀. Ní 2005, Miesenböck àti Susana Lima bu ìmọ́lẹ̀ lésà lu àwọn eṣinṣin tí wọ́n ti gé orí wọn, àwọn eṣinṣin aláìlórí náà sì fò. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é nira díẹ̀, ó ju ẹyọ jíìnì kan lọ. Ní oṣù kẹjọ 2004, Ed Boyden, nínú yàrá ìwádìí Karl Deisseroth ní Stanford, tan ìmọ́lẹ̀ búlúù sí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ eku tí wọ́n fi channelrhodopsin-2 sí, sẹ́ẹ̀lì náà sì ta iná. Feng Zhang wà lára wọn. Nagel àti Bamberg náà kópa nínú rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2005, ayé sì gbọ́. Ṣùgbọ́n ní Detroit, Zhuo-Hua Pan ti ń fi jíìnì kan náà sínú ojú eku afọ́jú lákòókò kan náà. Àwọn ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì kò gba iṣẹ́ rẹ̀ wọlé, ó di 2006 kó tó jáde. Nígbà tí ẹ̀bùn ńlá ń rọ̀jò, kì í ṣe orúkọ Pan ni wọ́n ń pè. Lójú tèmi, ìtàn tó bá sọ ti Stanford láìdárúkọ Pan kò pé, pàápàá nítorí pé ọ̀nà tó tọ̀, ọ̀nà ojú, ni ènìyàn ti kọ́kọ́ jàǹfààní.

Kí la wá mọ̀ nísinsìnyí tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Mo lè fi wákàtí mẹ́ta sọ ọ́. Stanford fi ìmọ́lẹ̀ jí eku lójú oorun ní 2007. Ní California, Dayu Lin àti David Anderson tan ìmọ́lẹ̀ sí ibì kan nísàlẹ̀ ọpọlọ akọ eku ní 2011, eku náà sì kọ lu ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, bí ẹni pé ọ̀tá ni. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé ni ti 2010, iṣẹ́ Alexxai Kravitz àti Anatol Kreitzer ní San Francisco. Apá kan wà nínú ọpọlọ tí àrùn Parkinson máa ń ba ìṣàkóso rẹ̀ jẹ́. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ló dàpọ̀ níbẹ̀, wọ́n jọ ara wọn lójú, wọ́n ń gbé pọ̀ nínú ilé kan náà. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń sọ pé ọ̀kan ń ti ìrìn síwájú, pé èkejì ń fà á sẹ́yìn, ṣùgbọ́n wáyà kò lè yà wọ́n. Wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ jí èyí tó ń fà á sẹ́yìn: eku náà dúró gbagidi, bí ẹni tí Parkinson mú. Wọ́n jí èyí tó ń tì í síwájú: ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri. Wọ́n wá mú eku tí wọ́n ti sọ di olóòkùnrùn, tí kò lè gbéra, wọ́n jí ẹ̀yà tó ń tì síwájú, eku náà sì rìn. Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ìmọ̀ ti ń jà lé lórí fún ogún ọdún ní ẹ̀rí tó ṣeé fojú rí.

Ti ìrántí ni mo ń fi ẹ̀rù sọ. Ní MIT, nínú yàrá Susumu Tonegawa, Steve Ramirez àti Xu Liu fi eku sínú àpótí kan tí ewu kankan kò sí. Wọ́n sàmì sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣiṣẹ́ nígbà tó ń mọ ibẹ̀. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé e sínú àpótí mìíràn, wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ jí ìrántí àpótí àkọ́kọ́, wọ́n sì fi iná ta á lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí wọ́n dá a padà sí àpótí àkọ́kọ́, ó gan pa fún ìbẹ̀rù, níbi tí ohunkóhun kò ti ṣe é rí. Wọ́n gbé e jáde ní 2013. Yàrá kan náà ló fi hàn ní 2016 pé eku tí wọ́n fún ní irú jíìnì tó ń fa àrùn Alzheimer, tó jọ pé ó ti gbàgbé, ṣì lè rántí bí ìmọ́lẹ̀ bá jí sẹ́ẹ̀lì ìrántí náà. Ìrètí tó wà nínú èkejì kò mú ẹ̀rù ti àkọ́kọ́ kúrò lọ́kàn mi. Mo sì fẹ́ kí àwọn onímọ̀ òfin àti àwọn aṣíwájú ẹ̀sìn wa máa ka irú ìwé wọ̀nyí láti ìsinsìnyí.

Kò tíì sí ẹni tí wọ́n lè fi èyí ṣe àṣìlò lára rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ búlúù kì í wọnú ẹran ọpọlọ ju nǹkan bíi mílímítà kan lọ, ó gba kíki okùn wọlé, jíìnì tó bá sì ti wọ sẹ́ẹ̀lì kò ṣeé fà jáde. Ojú nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé fúnra rẹ̀.

Ojú náà ni ènìyàn ti kọ́kọ́ jẹ ànfààní rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2021, José-Alain Sahel, Botond Roska àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ròyìn ọkùnrin kan, ẹni ọdún 58, tí àìsàn retinitis pigmentosa ti fọ́ ojú rẹ̀. Ogójì ọdún ni wọ́n ti sọ fún un pé àìsàn náà wà lára rẹ̀. Ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ló kù tó lè mọ̀. Nínú àìsàn yìí, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹyinjú ló ń kú, àwọn tó ń gbé iṣẹ́ lọ sí ọpọlọ sì ń ṣẹ́kù láìníṣẹ́. Àwọn tó ṣẹ́kù yìí ni wọ́n fún ní jíìnì, nínú ojú tó burú jù, nípa abẹ́rẹ́ kan. Irú tí wọ́n lò, ChrimsonR, ń gbọ́ràn sí ìmọ́lẹ̀ tó pọ́n bí ọsàn, nítorí búlúù tó le tó bẹ́ẹ̀ lè ba ojú jẹ́. Wọ́n wá fún un ní awò tó ní kámẹ́rà, tó ń sọ ohun tó bá rí di ìtànṣán sínú ojú náà.

Wọ́n dúró ju oṣù mẹ́rin lọ kí pùròtéènì náà tó gbilẹ̀, kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Oṣù méje lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ṣe ń lo awò ló sọ pé òun ń rí nǹkan: ìlà funfun tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ fi ń sọdá títì. Nínú yàrá ìdánwò, wọ́n gbé ìwé àkọsílẹ̀ kan ka orí tábìlì funfun, ó sì nawọ́ kàn án nínú ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tó gbìyànjú. Nígbà tó di páálí kékeré tí wọ́n ń kó sítépù sí, ìdá 36 péré ni. Ó ka iye ife gíláàsì tó wà lórí tábìlì. Bó bá bọ́ awò sílẹ̀, kò rí ọ̀kankan. Kò lè kàwé, kò lè dá ojú ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bù mọ́ ọn fún yín.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí mo mọ bí ìròyìn ṣe ń rìn lọ́dọ̀ wa. Nílẹ̀ Nàìjíríà, àìsàn tó ń bo ẹyinjú ní funfun, cataract, ló ń fọ́ ojú jù, iṣẹ́ abẹ kúkúrú sì wà fún un. Glaucoma ló tẹ̀lé e, òun sì ni kì í jẹ́ kí ojú tó ti fọ́ là mọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí glaucoma ń pa ni àwọn tó ń gbé iṣẹ́ lọ sí ọpọlọ, àwọn gan-an tí wọ́n fún ní jíìnì lójú ọkùnrin yẹn. Bí wọ́n bá ti kú, kò sí ẹni tí a ó fún ní jíìnì. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá sí ilé ìyá yín, tó ní òun fẹ́ gbowó kí òun fi ìmọ́lẹ̀ wo glaucoma rẹ̀, ẹ lé e jáde. Ẹ gbé ìyá lọ síbi tí wọn yóò ti wọn ìfúnpá ojú rẹ̀, kí wọ́n sì fún un ní oògùn tó ń kán sójú kó tó pẹ́ jù.

Ibi tí mo rí ànfààní fún wa kíákíá kò sí nílé ìwòsàn, ó wà lára ẹ̀fọn. Ní 2022, Trevor Sorrells, Leslie Vosshall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Rockefeller University, New York, ròyìn iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí Aedes aegypti, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà pọ́njú kiri. Wọ́n fi irú Chrimson kan sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí abo ẹ̀fọn fi ń gbóòórùn èémí wa. Kò sí ènìyàn nínú yàrá náà. Wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ pupa fún ìṣẹ́jú àáyá 5. Ẹ̀fọn náà rò pé ẹnì kan mí nítòsí, ó sì ń wá ara gbígbóná tí yóò jẹ kiri fún ohun tó ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Èémí kan ṣoṣo, ìwákiri ìṣẹ́jú mẹ́wàá: ẹni tó bá ti gbìyànjú láti sùn láìní àpò ẹ̀fọn mọ bí ó ṣe rí.

Irú iṣẹ́ yìí kò nílò ẹ̀rọ tó ń gba bílíọ̀nù náírà. Eṣinṣin èso ni akẹ́kọ̀ọ́ lè fi bẹ̀rẹ̀, ó ń gbé nínú ìgò, ó ń jẹ oúnjẹ tí a fi àgbàdo àti ìwúkàrà sè. Retinal kò tó nínú ọpọlọ tirẹ̀, a ó po ó mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Iná LED pupa tí wọ́n ń tà lọ́jà tó iṣẹ́ ṣe. Ohun tó ń wọ́n ni yàrá tí iná ọba kì í lọ níbẹ̀, olùkọ́ tó ní sùúrù, àti ọ̀nà tó bófin mu láti gbé irú eṣinṣin tó ti ní jíìnì wọ̀lú. Ohun tí mo wá tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀yin aláṣẹ yunifásítì tó jókòó síbí lónìí nìyẹn, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé kò pọ̀ jù.

Lẹ́yìn eṣinṣin, kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Anopheles gambiae, ẹ̀fọn ibà tiwa. Kì í sábà jẹ ènìyàn lọ́sàn-án. Òru jíjìn ló máa ń jáde, nígbà tí ilé bá ti sùn. Sẹ́ẹ̀lì wo nínú orí rẹ̀ ló ń sọ fún un pé ilẹ̀ ti ṣú tó? Bí a bá pa sẹ́ẹ̀lì yẹn lẹ́nu mọ́, ṣé yóò jókòó sára ògiri títí ilẹ̀ yóò fi mọ́? Mo fẹ́ kí ẹnì kan nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún gbé ìbéèrè yìí kúrò lọ́wọ́ mi.